Ìnáwó Tó Ní Ọjọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbígbé Ilé Láìjẹ Gbèsè



  Ẹ̀yin ará wa ní Soje àti káàkiri Minna, ọ̀rọ̀ owó ilé ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lẹ́ẹ̀kan yìí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń di olówó. Bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè sùn lálẹ́ láìsí pé ẹnì kan ń pè é lórí fóònù nítorí gbèsè ni a fẹ́ sọ.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń sọ fún wa nípa káàdì àwìn, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní credit card. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣì í mú fún káàdì ATM tó wà nínú àpò wa. Owó tí ẹ̀yin fúnra yín ti fi pamọ́ ni káàdì ATM ń gbé jáde. Bí kò bá sí owó níbẹ̀, òfìfo lẹ máa bá padà sílé. Owó báńkì ni káàdì àwìn ń ná ní tirẹ̀. Ẹ óò san án padà tó bá yá, bí ẹ kò bá sì san gbogbo rẹ̀ tán ní ọjọ́ tí wọ́n dá, èlé á gun orí rẹ̀. Ọdún 1950 ni Diners Club gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ jáde ní New York fún àwọn tó ń jẹun ní ilé oúnjẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, Bank of America fi káàdì bíi 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California. Wọn kò bèèrè rẹ̀, inú lẹ́tà ni wọ́n ti bá a. Káàdì yẹn ló wá ń jẹ́ Visa láti ọdún 1976.

Kò sí irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa. Ẹnì kan lè wá sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kò kan òun. Ó kàn án. Ìwé tí ìyá onípròfíṣọ̀n ìtòsí fi ń kọ orúkọ wa sílẹ̀, káàdì àwìn ni. Owó oṣù tí a ti gbà ṣáájú kí oṣù tó parí, káàdì àwìn ni. Áàpù ayánilówó tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé a lè gba ₦50,000 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, òun gan-an ni káàdì àwọn ará Fresno: a kò tọrọ rẹ̀, ilé ni wọ́n gbé e bá wa. Láti ọdún 2024 pàápàá, ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CREDICORP, kí òṣìṣẹ́ lè máa ra nǹkan kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwìn ń bọ̀ wá bá wa láti ọ̀nà púpọ̀, nítorí náà ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n dáadáa.

Gbèsè kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn sì ni èlé. Owó tí wọ́n yá gan-an kì í dín. Bí ìwọ̀fà ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìíní náà ni wọ́n ṣì jẹ. Ọ̀gbẹ́ni Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa ológò pẹ̀lú. Bí ajigbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó á bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á wọ ilé ajigbèsè, á ní òun dógò tì í, á jókòó, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí ojú á fi ti gbogbo agboolé tí wọ́n á wá owó náà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà dé, àwọn tí a mọ̀ sí Òṣómàáló. Wọ́n ń gbé aṣọ kiri abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, orí ìlóṣòó ni wọn óò wà lẹ́nu ọ̀nà yín títí ẹ óò fi san án. Orúkọ wọn ti sọ iṣẹ́ wọn.

Kí ló yàtọ̀ nínú tòní? Ológò tòní kò wọ ilé, inú fóònù ló jókòó sí. Àwọn áàpù kan máa ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ayáwó, bí ó bá sì pẹ́ kó tó san, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí ìmáàmù rẹ̀, pé olè ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó. Nígbà tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google náà ka á léèwọ̀ fún áàpù ayánilówó láti wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù ẹni. Àwọn òfin yìí dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í gba ojú àna padà lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan yá ₦75,000 fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, tí èlé jẹ́ ₦15 lórí ₦100 lóṣù kan, tí wọ́n sì yọ èlé náà kúrò kí wọ́n tó fún un. ₦63,750 ló máa wọ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ₦75,000 ni wọ́n ń retí. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó san èlé nìkan kí wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́rin, ó ti san ₦45,000, ó sì ṣì jẹ ₦75,000. Ìwọ̀fà nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún èlé, ojú owó dúró síbi tó wà.

Ní ti ẹ̀sìn, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ànábì wa pàápàá yá ọkà bálì lọ́wọ́ Júù kan ní Mẹ̀dínà, ó sì fi ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ dógò. Èlé ni Ọlọ́hun kọ̀, ní ìparí Súrátul-Baqarah. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ànábì máa ń wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè nínú ìrun, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ṣàlàyé pé gbèsè máa ń sọ ènìyàn di òpùrọ́ àti ẹni tí kì í mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí láàárín wa. Ẹni tí a mọ̀ sí olóòótọ́ ní mọ́sáláṣí ló ń ní kí ọmọ sọ fún alájàpá pé òun kò sí nílé. Ìwà rẹ̀ kò burú tẹ́lẹ̀, gbèsè ló kọ́ ọ ní irọ́.

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí. Bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó jẹ gbèsè ní àdúgbò wa, tí ẹ sì bi í ní ohun tó yáwó fún, àìsàn àti jàǹbá kò ní pọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀. Owó ilé-ìwé ni yóò wí, owó ilé, àgbò Iléyá, oúnjẹ Ràmàdáánì, aṣọ ọdún. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ọjọ́. Ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni ilé-ìwé ń wọlé, a ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọmọ. Onílé kì í yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Iléyá ń sún síwájú bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ṣe rí, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í dé. Ìnáwó tó ní ọjọ́ kì í ṣe ìnáwó òjijì. Àwa la ń sọ ọ́ di òjijì.

Ká sọ pé ọkọ ń gba ₦110,000 lóṣù, ìyàwó sì ń rí èrè ₦70,000 nínú ọjà rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Owó ilé wọn jẹ́ ₦240,000 lọ́dún. Ọmọ mẹ́ta wà ní ilé-ìwé, ₦25,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ ₦225,000 lọ́dún. Iléyá pẹ̀lú aṣọ, ₦180,000. Àfikún oúnjẹ Ràmàdáánì, ₦75,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦720,000. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá: ₦60,000 lóṣooṣù. Ẹ pín ìyẹn sí ọgbọ̀n ọjọ́: ₦2,000 lójoojúmọ́.

Èyí túmọ̀ sí pé owó tí ilé yìí ní láti jẹ lóṣù kì í ṣe ₦180,000 bí wọ́n ṣe rò, ₦120,000 ni. ₦60,000 tó kù ti ní ẹni tó ni ín kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀: onílé ni ín, ilé-ìwé ni ín, àgbò ni ín. Ilé tó bá ń ná ₦180,000 lóṣù tí kò sì jẹ gbèsè kankan ní oṣù Kẹfà, ó ti jẹ gbèsè, ẹni tó máa wá gbà á ni kò tíì dé. Ọ̀pọ̀ wa ló wà nípò yìí. Ara ń dẹ̀ wá nínú oṣù tí ilé-ìwé kò wọlé, a ń pe ìyẹn ní oṣù tó dára.

Bóyá ẹnì kan á ní, "Ta ló lè jẹ ₦120,000 pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nínú ayé tó wọ́n báyìí?" Òótọ́ ni pé ó le. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé ọjà ti gbówó lórí ju ti ọdún tó ṣáájú lọ ní nǹkan bí ₦34.80 lórí ₦100. Ṣùgbọ́n ìnáwó tó ní ọjọ́ kò ní fò wá dá nítorí pé ó le. Bí a kò bá lè jẹ ₦120,000, a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, kí a wá iṣẹ́ kún iṣẹ́, kí a wá ilé tí owó rẹ̀ kéré sí i, tàbí kí a bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kò dára kí a mọ̀ ọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lé ọmọ padà sílé.

Àwọn kan á tún sọ pé owó tí a pa mọ́ ń dín lágbára, pé kí la fẹ́ fi pa á mọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi èlé wé e. Áàpù tó ń gba ₦15 lórí ₦100 lóṣù ń gba ₦180 lórí ₦100 lọ́dún. Ọ̀wọ́n ọjà tí a ń sunkún lé lórí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹn. Bákan náà, kò pọn dandan kí gbogbo ìpamọ́ jẹ́ owó. A lè fi nǹkan pamọ́, ìpínlẹ̀ Niger tí Ọlọ́hun sì fi wá sí jẹ́ ibi tó rọrùn fún un. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo àti ọkà bàbà ń wọ ọjà ní ìkórè, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń rọjú. Tó bá di oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń rà á jẹ, múdù kan á ti gbówó lórí. Ilé tó bá ra àpò kan ní ìkórè yàtọ̀ sí ilé tó ń ra múdù kọ̀ọ̀kan ní àwìn nínú òjò. Bí apá ilé kan kò bá ká àpò, kí ilé mẹ́ta dà á pọ̀. Ní ti ẹ̀wà tí kòkòrò ń jẹ, àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń tà fún ìpamọ́: bí a bá gbẹ ẹ̀wà dáadáa tí a sì dì í pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Sniper sí ẹ̀wà. Májèlé ni, ó ti ṣe àwọn ènìyàn léṣe, NAFDAC sì fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní gbangba ní 2019.

Àgbò náà, ẹni tó ní àyè lẹ́yìnkùlé lè ra kékeré ní oṣù púpọ̀ ṣáájú kí ó máa fún un ní èèpo iṣu àti pòpórò ẹ̀wà. Ẹni tí kò sì ní agbára, kì í ṣe dandan fún un. Kí á yáwó lélé nítorí kí aládùúgbò má bàa rò pé a kò pa ẹran, ìjọsìn wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó ọjà kún un, nítorí ibẹ̀ ni ilé púpọ̀ ti ń ya lulẹ̀ láìdáríwo. Obìnrin tó ń ta ata ní ọjà Kure tàbí tó ní kíóòsì lẹ́nu ọ̀nà kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún un. Inú ojú owó rẹ̀ ni gbogbo ìyà ilé ń wọ̀. Ọmọ fẹ́ bíróò, ó mú nínú ọjà. Gáàsì tán, ó mú nínú ọjà. Ọkọ ní kí ó bá òun wá ₦20,000, òun á san án ní ìparí oṣù, ó mú nínú ọjà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ alágbàtà, iye tí wọ́n sì ń tà á fún un ju iye tí àwọn tó ń fi owó ra á ń rà á lọ. Èrè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè ni à ń jẹ. Ẹni tó bá jẹ ojú owó ti jẹ irúgbìn.

Kóló méjì ni oògùn rẹ̀, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún ilé. Kí obìnrin dá iye kan fún ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń bọ́ sí kóló ilé. Bí ilé bá fẹ́ agolo mílíìkì kan nínú kíóòsì, kí ilé san án. Ẹ̀yin bàbá, òfin ẹ̀sìn wa fi ìtọ́jú ilé sí ọrùn yín, owó ìyàwó sì jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá gbà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó fi ta yín lọ́rẹ, gbèsè ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Aaya 282 nínú Súrátul-Baqarah, tó gùn jù nínú gbogbo Al-Kùránì, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ló dá lé. Kò yọ tọkọtaya sílẹ̀.

Níbo ni ₦2,000 ojoojúmọ́ yẹn yóò máa wà? Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó wá pàdé èyí tó ti Báró wá ní Minna ní 1911, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò Yorùbá ń dé síbí, àjọ àti ẹ̀súsú jẹ́ ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Orúkọ kan náà ló dé Trinidad lẹ́nu àwọn ẹrú, tí wọ́n ń pè é ní susu níbẹ̀ títí dòní. Adashi ni àwọn Hausa aládùúgbò wa ń pe tiwọn. Àjọ dára fún ẹni tó ń rówó lójoojúmọ́: alájọ á gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ₦2,000 nínú ₦60,000. Kò burú, bí alájọ bá jẹ́ ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ tí a sì mọ onídùúró rẹ̀. Ẹ̀súsú ní tirẹ̀ ní àṣírí kan: ẹni tó kọ́kọ́ kó, gbèsè ló kó, ẹni tó kó kẹ́yìn, ìpamọ́ ló kó. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbá tìrẹ́tìrẹ́ lé kíkó ṣáájú. Ẹ bèèrè oṣù tó bá ìnáwó yín mu. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé, oṣù Kẹjọ ni kí ẹ kó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba dára jù fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, pàápàá èyí tí kì í gba èlé lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé náà wà: Jaiz láti 2012, TAJBank láti 2019, Lotus láti 2021. Wọ́n á ra nǹkan, wọ́n á tà á fún yín lé èrè tí ẹ jọ mọ̀, ẹ óò sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó bá ẹ̀sìn mu, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gbèsè náà ni. Orúkọ rẹ̀ tó mọ́ kò ní kí ọjọ́ rẹ̀ má pé.

Ohun tí kò yẹ kí ₦2,000 náà wọ̀ ni ètò tó ní òun á sọ ọ́ di méjì ní oṣù kan. MMM dì í pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX náà dì í pa ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. 

Ó kù ẹrù kan tí àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ń rù ju onílé lọ. Ilé méjì la ní. Ọ̀kan wà ní Soje, ọ̀kan wà nílé baba. Ìpè dé ní ọjọ́ Ajé: ìyá ẹnì kan kú, tàbí ọmọ ẹnì kan ń ṣe wòlímọ̀, aṣọ ẹbí jẹ́ iye báyìí, kí ẹ tètè fi ránṣẹ́. Owó ọkọ̀ láti Minna, lílọ àti bíbọ̀, lè ju aṣọ náà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún nìyẹn, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sí ìwé nítorí pé ìfẹ́ ni a ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń jẹ owó ilé-ìwé. Èrò tèmi ni pé kí tọkọtaya jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n dá iye kan fún ilé baba àti ayẹyẹ, kí wọ́n sì fi í kún ìnáwó tó ní ọjọ́. Bí ó bá tán ní oṣù Keje, àdúrà àti ìpè fóònù ni ìdílé máa gbà títí ọdún á fi yí. Kí ẹ sọ ọ́ fún wọn láìtijú. Ẹni tó bá bínú sí yín nítorí ánkóò kan kò ní wá bá yín san gbèsè rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ pẹ̀lú lè ràn wá lọ́wọ́ níbí: bí àgbà bá wọ aṣọ àtijọ́ wá sí ìkómọ, ọkàn àwọn ọ̀dọ́ á balẹ̀.

Kí ni ti ẹni tó ti wọ inú rẹ̀? Kí ó kọ́kọ́ sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ nílé. Gbèsè tí a fi pamọ́ fún ọkọ tàbí aya ló ń bímọ jù. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan: orúkọ, iye, ọjọ́, èlé. Èyí tó ní èlé ni kí ó kọ́kọ́ dojú kọ, kí ó má sì yá ti áàpù kejì láti fi san ti kìíní. Kí ó lọ bá àwọn tí kò gba èlé kí ọjọ́ tó pé, kí ó sọ iye tí òun lè máa san. Ẹni tó bá yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ tí a sì ń rí i, ọ̀nà rẹ̀ ṣì là. Kí ó má sì ronú pé òun lè sá lọ sí báńkì mìíràn: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020, báńkì tí a jẹ lówó ti ní àṣẹ láti gba owó rẹ̀ nínú àpò tí a ní ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN. Bí áàpù bá sì ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́, kí ó tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ó kọ̀wé sí FCCPC. Jíjẹ gbèsè kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tí a jẹ lówó náà, aaya 280 nínú súúrà kan náà ní kí ẹ fún ẹni tí ara ń ni ní àyè títí ara á fi dẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá sì fi ta á lọ́rẹ, ó dára jù fún yín. Ẹni tó ní lọ́wọ́ tó sì ń fi owó ẹlòmíràn falẹ̀ kò sí nínú ìyẹn, àbòsí ni tirẹ̀.

Ìwé yẹn ló kù. Kì í ṣe fún òní nìkan. Wọ́n gbé òkú ẹnì kan wá síwájú Ànábì kí ó kí ìrun sí i lára. Ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì fi ohun tí wọ́n lè fi san án sílẹ̀. Ànábì ní kí àwọn sàábé fúnra wọn kírun sí i lára, àfìgbà tí Abu Qatada gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀ kí òun tó kí i. Bákan náà, nínú Súrátun-Nisaa, gbèsè òkú ni wọ́n ń san kí wọ́n tó pín ogún. Báwo ni àwọn ọmọ ṣe fẹ́ san ohun tí wọn kò mọ̀? Nítorí náà, kí ẹ ra ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí. Ní ojú ewé kìíní, ẹ kọ àwọn ìnáwó yín tó ní ọjọ́, kí ẹ pín in sí méjìlá. Ní ojú ewé kejì, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ. Ní ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n jẹ yín. Kí ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ̀, nínú àpótí kan náà tí ìwé ilé àti ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ wà.